Bí àmì sẹ́ńsọ̀ ṣe ń sọ fún wa pé ẹnu túùlù ti ń jẹ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn oníléèdì (àwọn tó ń lo léèdì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí túùlù lè gé e), àwọn ẹnjiníà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń bi mí nípa bí a ṣe lè mọ̀, láìdá ẹ̀rọ dúró, pé ẹnu túùlù, ìyẹn ohun èlò tí ẹ̀rọ fi ń gé irin, ti jẹ débi tí ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á: nínú àwọn sẹ́ńsọ̀ (ohun èlò tó ń wọn nǹkan, tó sì ń sọ ọ́ di àmì) tí a ń lò nígbà tí ẹ̀rọ ń gé irin lọ́wọ́, kò sí èyí tó ń rí ẹnu túùlù. Ìyà tó ń jẹ ẹ̀rọ nítorí pé ẹnu túùlù kò mú mọ́ ni wọ́n ń gbọ́, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ló sì lè fi irú ìyà kan náà jẹ ẹ̀rọ.

Kí ni à ń pè ní jíjẹ túùlù gan-an?

Ẹ mú típù káábáìdì kan (ègé kékeré tó le gan-an tí a ń dè mọ́ orí túùlù, tó sì ń gé irin) tó ti gé irin fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ẹ nù ún mọ́, kí ẹ sì gbé e sábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 20. Nísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tó ń fara ra irin tí à ń gé, ẹ ó rí ìlà pẹlẹbẹ kan tó ń dán, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí típù náà ṣì jẹ́ tuntun. Ìbú ìlà yìí ni a máa ń wọ̀n, VB ni a sì ń pè é nínú ìwé. Lójú òkè, níbi tí èérún irin ń gbà kọjá, ẹ tún lè rí kòtò kékeré kan, gẹ́gẹ́ bí àárín ọlọ ṣe máa ń jìn tí wọ́n bá ti ń lọ ata lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìlànà àgbáyé ISO 3685, tí ẹ̀dà rẹ̀ kejì jáde ní ọdún 1993 fún ìdánwò túùlù léèdì, sọ pé bí ìlà náà bá jẹ dọ́gba, túùlù ti lo ẹ̀mí rẹ̀ tán nígbà tí ìpíndọ́gba ìbú rẹ̀ bá pé 0.3 mìlímítà, bí kò bá jẹ dọ́gba, ibi tó fẹ̀ jù ni a ó wò, ààlà rẹ̀ sì jẹ́ 0.6 mìlímítà. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní ààlà tirẹ̀, pàápàá bí iṣẹ́ náà bá ń fẹ́ ojú tó jọ̀lọ̀ gan-an.

Jíjẹ náà kì í fi ìwọ̀n kan rìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó máa ń yára, nítorí pé ẹnu tuntun tín-ín-rín, kò sì pẹ́ tí góńgó rẹ̀ fi ń fá kúrò. Lẹ́yìn náà ó ń rọra lọ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, ìlà náà ti fẹ̀, fífara ra irin ti pọ̀, ìgbóná ti ga, jíjẹ náà yóò sì sáré. Ibi tí ìrọra parí tí eré bẹ̀rẹ̀ yìí gan-an ni a fẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ tọ́ka sí fún wa kó tó kọjá lọ.

Kí ló dé tí a kò kàn máa pààrọ̀ túùlù lẹ́yìn iye iṣẹ́ kan pàtó?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe nìyẹn, kò sì burú. Frederick Winslow Taylor, ará Amẹ́ríkà, ló fi ìṣirò rẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ irin Midvale ní Philadelphia ní ọdún 1880, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 1906. Ìlànà rẹ̀ ni VTⁿ = C: V ni iyára tí irin fi ń kọjá lẹ́nu túùlù, T ni iye ìṣẹ́jú tí túùlù yóò lò kó tó jẹ tán, n àti C sì sinmi lórí irú túùlù àti irú irin tí à ń gé. Fún káábáìdì, n máa ń wà ní nǹkan bí 0.25, fún HSS, irin líle tí wọ́n ti ń fi ṣe túùlù, ó máa ń wà ní nǹkan bí 0.125. Bí ẹ bá fi ìdá 20 nínú 100 kún iyára, 1.2 × 1.2 × 1.2 × 1.2 jẹ́ 2.07, ìyẹn ni pé ẹ̀mí túùlù káábáìdì kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ti HSS kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ni ìlànà yìí ń sọ. Típù méjì tó ti inú páálí kan náà jáde kì í jẹ bákan náà, ọ̀pá irin méjì tí wọ́n rà lọ́jọ́ kan náà kì í sì í le dọ́gba. Bí ẹ bá fi iye iṣẹ́ sí ìpíndọ́gba, nǹkan bí ìdajì túùlù yín yóò ti kọjá ààlà kí ẹ tó pààrọ̀ wọn. Bí ẹ bá sì dín iye náà kù kí èyíkéyìí má bàa bàjẹ́, ẹ ó máa ju èyí tó ṣì lágbára nù lójoojúmọ́. Àlàfo yìí ni sẹ́ńsọ̀ wá dí.

Ọ̀gá mi máa ń fi etí gbọ́ ọ. Kí ni sẹ́ńsọ̀ fẹ́ fi kún un?

Ẹ má fojú kéré etí ọ̀gá yín rárá. Àgbà oníléèdì tí mo kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lè kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ, kó máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀, kó sì ṣàdédé sọ fún mi pé, “Dá a dúró, ẹnu ẹ̀ ti kú.” Yóò wá mú èérún irin kan nílẹ̀, yóò fi hàn mí pé àwọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní ti fàdákà, ó ti ń di búlúù ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ, nítorí pé ìgbóná ti pọ̀ sí i, yóò fi èékánná họ ojú irin tí mo gé, èmi náà á sì gbọ́ bó ṣe ń ha. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta ló lò láàárín ìṣẹ́jú kan: etí, ojú àti ọwọ́.

Etí ènìyàn kì í gbọ́ ju nǹkan bí 20,000 Hertz lọ (Hertz ni iye ìgbà tí nǹkan ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ó máa ń rẹ̀ ẹ́, ènìyàn kan kò sì lè dúró ti ẹ̀rọ mẹ́wàá. Àwọn ẹ̀rọ CNC òde òní, tí kọ̀ǹpútà ń darí, tún ní ilẹ̀kùn tó pa dé, omi kúláǹtì tó ń mú túùlù tutù ń tú yàà nínú wọn, òṣìṣẹ́ sì di etí rẹ̀ nítorí ariwo. Ibẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ ti wúlò jù. Síbẹ̀ èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ so sẹ́ńsọ̀ mọ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà, kó bi í léèrè ohun tó ń gbọ́ àti ìgbà tó ń gbọ́ ọ.

Àwọn sẹ́ńsọ̀ wo la máa ń lò?

Èyí tó súnmọ́ òótọ́ jù ni èyí tó ń wọn ipá tí túùlù ń bá pàdé, tí wọ́n ń pè ní dynamometer. Òkúta quartz ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, tí ó ń mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1880 ni Jacques àti Pierre Curie ṣàwárí ìwà yìí ní Paris, ọdún kan náà tí Taylor bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ìlà VB ṣe ń fẹ̀, ipá tó ń ti túùlù sẹ́yìn àti èyí tó ń takò ó níbi tó ń wọ́ lọ máa ń pọ̀ sí i ju ipá gígé gan-an lọ, nítorí náà ẹ má wo ọ̀nà kan ṣoṣo. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wọ́n, ó sì ń gba ààyè lórí ẹ̀rọ. Ilé ìwádìí ló yẹ jù.

Sẹ́ńsọ̀ ìgbọ̀nrìrì kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó sì rọrùn láti so mọ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń mì nínú ẹ̀rọ ló ń gbọ́: bẹ́ríìnì tó ti gbó, bẹ́líìtì tó dẹ̀, irin tí wọn kò dì mú dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń gbọ́ ìró tí irin fúnra rẹ̀ ń mú jáde nínú ara rẹ̀ bó ṣe ń ya tàbí tí ó ń tẹ̀. Acoustic emission ni orúkọ rẹ̀, AE ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é. Joseph Kaiser, ará Jámánì, kọ ìwé ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí irú ìró yìí ní ọdún 1950. Nǹkan bí 50,000 Hertz sí 1,000,000 Hertz ni a ti ń gbọ́ ọ, èyí tó ga ju ibi tí ariwo bẹ́ríìnì àti mọ́tò sábà máa ń dé, ìdí nìyẹn tí ó fi dára fún mímọ̀ bóyá túùlù ṣẹ̀ṣẹ̀ kan irin tàbí ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ṣùgbọ́n ìró náà máa ń kú bó bá ṣe ń gba ojú ìsopọ̀ bóòtì kọjá, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ súnmọ́ ẹnu túùlù, kí ẹ sì fi gíríìsì díẹ̀ sáàárín sẹ́ńsọ̀ àti irin tó jókòó lé.

Ẹ̀kẹrin ni agbára iná tí mọ́tò ń jẹ. Òun ni mo fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀.

Owó tí mo ní kò pọ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi wáyà tó ń gbé iná wọ mọ́tò tó ń yí sípíndù, ọ̀pá tó ń yí irin tàbí túùlù. Ẹ kò ní lu ẹ̀rọ ní ihò, ẹ kò ní fi ohunkóhun sí ibi tí èérún irin tàbí kúláǹtì lè ti bà á jẹ́; sẹ́ńsọ̀ tó ń dì mọ́ ara wáyà lásán ti tó fún kọ́ráǹtì.

Àṣìṣe kan wà tí mo fẹ́ gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé èmi fúnra mi ti bọ́ sínú rẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, kọ́ráǹtì nìkan ni à ń wọ̀n. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìkìlọ̀ dún, a pa ẹ̀rọ, a tú típù, a gbé e sábẹ́ awò: 0.12 mìlímítà péré. A dá a padà, ìkìlọ̀ tún dún. Ó tó ìgbà tí ẹnì kan rántí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wa kúrò lórí iná ìjọba sórí jẹnẹrétọ̀ kí a tó fi mítà wọn fólítéèjì, a sì rí i pé ó ti lọ sílẹ̀. Mọ́tò tó ń gbé ẹrù kan náà lórí fólítéèjì tó lọ sílẹ̀ ní láti fa kọ́ráǹtì púpọ̀ sí i. Típù náà kò ṣẹ̀ wá rárá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rọ gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n wọn agbára lódindi, fólítéèjì àti kọ́ráǹtì pa pọ̀, pàápàá níbi tí iná kò bá dúró sójú kan bíi tiwa níhìn-ín.

Ohun kejì ni pé kí ẹ yọ agbára tí ẹ̀rọ ń jẹ nígbà tó ń yí lásán kúrò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀rọ yín ń jẹ 1.1 kílówáàtì nígbà tí kò gé nǹkan kan, 2.0 nígbà tí típù tuntun ń gé, àti 2.3 nígbà tí típù náà ti jẹ. Bí ẹ bá wo 2.0 àti 2.3 lásán, ìyàtọ̀ náà kò ju ìdá 15 nínú 100 lọ; bí ẹ bá yọ 1.1 kúrò nínú méjèèjì, 0.9 di 1.2, ìyẹn ìdá 33 nínú 100. Àmì kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kejì yìí ló sọ̀rọ̀ ketekete.

Ẹ má retí pé ọ̀nà yìí yóò ṣiṣẹ́ fún túùlù kékeré lórí ẹ̀rọ ńlá. Ìlu tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 2 mìlímítà lórí mọ́tò kílówáàtì 15 dà bí èèrà lórí erin.

Níbo ni kí n gbé sẹ́ńsọ̀ ìgbọ̀nrìrì sí?

Níbi tó bá súnmọ́ ẹnu túùlù jù tí kò sì ní bàjẹ́. Lórí léèdì, èyí jẹ́ ara irin tó di túùlù mú. Lórí ẹ̀rọ mílíìnì, níbi tí túùlù fúnra rẹ̀ ti ń yí, ìta ilé sípíndù tàbí fáìsì tó di irin mú ni a máa ń lò. Ẹ fi bóòtì dè é bí ẹ bá lè ṣe é. Gúlúù tẹ̀lé e. Mágínẹ́ẹ̀tì ló kẹ́yìn, nítorí pé ìgbọ̀nrìrì tó bá yára púpọ̀ kì í gba orí mágínẹ́ẹ̀tì kọjá dáadáa. Ibi tí ẹ bá gbé e sí lónìí ni kí ẹ máa gbé e sí títí.

Ìgbà mélòó ni kí n máa ka àmì náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan?

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò iye ìgbà tí eyín túùlù ń kan irin. Ẹ jẹ́ ká lo dátà ìdíje tí PHM Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìlera ẹ̀rọ, ṣe ní ọdún 2010, èyí tí àwọn olùwádìí káàkiri ayé ṣì ń lò. Sípíndù náà ń yí ní ìgbà 10,400 ní ìṣẹ́jú kan, túùlù náà sì ní eyín 3. Bí a bá pín 10,400 sí 60, a ó rí ìyípo 173.3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìlọ́po 3, eyín ń kan irin ní ìgbà 520. Nítorí náà 520 Hertz ni ibi àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò, pẹ̀lú ìlọ́po rẹ̀: 1,040, 1,560 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí eyín kan ṣoṣo bá já nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ kò ní dọ́gba láàárín wọn mọ́, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìyípo kan yóò wá máa hàn, ìyẹn ní 173 Hertz. Mo ka èyí sí ọ̀kan lára àwọn àmì tó dára jù tí ènìyàn lè kọ́ láti kà, nítorí pé ó ní ìtumọ̀ tí a lè fọwọ́ kàn.

Àwọn tó ṣe dátà náà ka àmì kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 50,000 ní ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 288 fún ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́dọ̀ ka àmì ní ìlọ́po méjì ó kéré tán ju ohun tó yára jù tí ẹ fẹ́ rí. Sẹ́ńsọ̀ ìgbọ̀nrìrì kékeré bíi ADXL345, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn, kò lè kà ju 3,200 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, kò sì lè rí ohun tó kọjá 1,600 Hertz. Ó tó fún eyín tó ń kan irin lórí ẹ̀rọ tí kò sáré púpọ̀; kò tó fún ariwo òkè tí túùlù tó ti jẹ máa ń pa.

Kí ni kí n yọ jáde nínú àmì náà?

Díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gé ibi tí túùlù ń wọlé àti ibi tó ń jáde kúrò, kí ẹ fi ibi tó ń gé irin lójú kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìpíndọ́gba, ẹ wo RMS tó ń sọ bí àmì ṣe lágbára tó lápapọ̀, ẹ wo bí agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó ní ibi eyín tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì wo kurtosis, tó máa ń ga bí ẹnu túùlù bá já tí àmì bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè lójijì. Mo ti rí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yọ nǹkan tó lé ní 100 jáde láìlè ṣàlàyé mẹ́ta nínú wọn. Mẹ́rin tí ẹ lè ṣàlàyé fún oníléèdì yín sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí àmì fi ń lọ sílẹ̀ nígbà mìíràn, tí túùlù sì ń jẹ?

Ohun méjì ló wọ́pọ̀. Bí iyára bá kéré, irin tí à ń gé lè lẹ̀ mọ́ ẹnu túùlù, kí ó di ẹnu mìíràn tó ṣe ṣóńṣó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ipá yóò sì dínkù fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó já bọ́, tí yóò sì fa lára káábáìdì lọ. Èkejì ni kòtò ojú òkè tí mo fi wé àárín ọlọ: bó ṣe ń jìn, èérún irin ń rí ọ̀nà tó rọrùn gbà kọjá, ipá sì lè rọ̀, nígbà tí ẹnu túùlù gan-an ń di aláìlágbára tó sì lè ṣẹ́ nígbàkigbà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má fi ẹ̀mí iṣẹ́ olówó ńlá lé àmì kan ṣoṣo lọ́wọ́.

Ṣé kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ ara rẹ̀ kò lè yanjú gbogbo rẹ̀?

Ó lè ṣèrànwọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tó ń gbà tan ènìyàn jẹ. Nínú dátà ọdún 2010 yẹn, túùlù 6 ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan gé irin ní ẹ̀ẹ̀ 315, àwọn mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní c1, c4 àti c6 nìkan ni wọ́n sì fi ìwọ̀n jíjẹ wọn síta. Bí ẹ bá da gbogbo àwọn gígé náà pọ̀, tí ẹ fi ìdá 80 kọ́ kọ̀ǹpútà tí ẹ sì fi ìdá 20 dán an wò, èsì yóò dára púpọ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Gígé kẹ́wàá àti ìkọkànlá lára túùlù kan náà dà bí ìbejì; ẹni tó ti rí Táyé kò ní ṣòro fún un láti dá Kẹ́hìndé mọ̀. Ìdánwò òtítọ́ ni kí ẹ fi c1 àti c4 kọ́ ọ, kí ẹ sì fi c6 tí kò rí rí dán an wò. Ẹ ó rí i pé àṣìṣe máa ń pọ̀ sí i.

Dátà mìíràn tó gbajúmọ̀ ni ti mílíìnì tí NASA Ames ń pín, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Berkeley ní California: ipò iṣẹ́ 16, gígé 167, irú irin méjì, jíjìn tí túùlù fi wọ inú irin sì jẹ́ 0.75 tàbí 1.5 mìlímítà. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ fún mi ni pé nígbà tí jíjìn bá di ìlọ́po méjì, àmì sábà máa ń yí padà ju bí jíjẹ túùlù ṣe lè yí i padà lọ. Módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ohun tí kọ̀ǹpútà kọ́ láti inú dátà, tí kò bá mọ jíjìn, iyára àti irú irin kò mọ ohunkóhun.

Kí ni kí n máa kọ sílẹ̀?

Ìbéèrè tí wọn kì í sábà bi mí nìyí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi. Sẹ́ńsọ̀ tí kò ní ìwé àkọsílẹ̀ dà bí ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá. Ẹ ya ìwé kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Fún ẹnu túùlù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́, irú típù àti igun rẹ̀ tí ẹ lò, irú irin àti ibi tí ẹ ti rà á, iyára, jíjìn, bóyá kúláǹtì wà, bóyá iná ìjọba ni tàbí jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3 tàbí 5 tí ó ti ń gé, ẹ dá a dúró, ẹ wọn VB ní ibi kan náà lábẹ́ awò kan náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì kọ wákàtí rẹ̀ kí ẹ lè rí àmì tó bá a mu. Ẹ ṣe èyí fún ẹnu túùlù bíi 8 tàbí 10 títí tí wọ́n á fi jẹ tán. Iṣẹ́ tó ń tánni ní sùúrù ni, ó sì ń jẹ àkókò ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí owó lè rà tó lè rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ yín nìkan ló ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí kí n fi ààlà sí?

Ẹ má fi nọ́ńbà kan ṣe ààlà fún gbogbo túùlù. Ẹ fi ẹnu túùlù kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀: ẹ gba ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn gígé mélòó kan àkọ́kọ́, kí ẹ wá máa wo iye tó fi kún un. Ìwé àkọsílẹ̀ yín ni yóò sọ fún yín pé, fún àpẹẹrẹ, nígbà tí agbára gígé bá ti pọ̀ sí i ní ìdá 25 nínú 100, VB sábà máa ń wà nítòsí 0.3. Ẹ tún jẹ́ kó kọjá ààlà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra kí ìkìlọ̀ tó dún, nítorí pé ibi líle kan ṣoṣo nínú irin lè gbé àmì sókè fún ìgbà díẹ̀. Bí ìkìlọ̀ asán bá pọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yóò pa á, wọn kò sì ní tàn án mọ́.

Túùlù tó ṣẹ́ lójijì ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Jíjẹ ń gba ìṣẹ́jú, ṣíṣẹ́ kò gba ju ìṣẹ́jú àáyá lọ, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Ó nílò ààlà tirẹ̀ tí kì í dúró de ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, tí a sì so tààrà mọ́ ohun tó ń dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ má rántí òkè nìkan o: bí túùlù bá ṣẹ́ kúrò pátápátá, kò sí ohun tó ń gé irin mọ́, agbára yóò sì wálẹ̀ sí ti yíyí lásán, nítorí náà ẹ fi ààlà ìsàlẹ̀ sí i pẹ̀lú.

Ṣé kámẹ́rà tó ń wo ẹnu túùlù tààrà kò dára jù?

Ó dára, nítorí pé VB gan-an ni ó ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n kò lè rí i nígbà tí túùlù wà nínú irin tí kúláǹtì sì bò ó. Láàárín iṣẹ́ kan àti òmíràn nìkan ló lè wò ó, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ mọ́. Ibi tí mo ti rí i pé ó wúlò jù ni kí ó máa ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń di awò mú nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, kí sẹ́ńsọ̀ agbára sì máa ṣọ́ ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà kò bá lè ríran.